Bí A Ṣe Ń Tún Ṣásí Ọkọ̀ Ìjàpá Ṣe

Ẹni tó bá jogún ọkọ̀ ìjàpá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kì í sábà wo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà ara rẹ̀ ló ń wò, àti iná iwájú rẹ̀ méjèèjì tó ranjú kalẹ̀. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ni Volkswagen bàbá mi fi wà lábẹ́ igi máńgòrò ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọjọ́ tí mo ká kápẹ́ẹ̀tì ibi ẹsẹ̀ awakọ̀, koríko ni mo rí. Kì í ṣe inú ọkọ̀ ló hù sí o, koríko ilẹ̀ tí ọkọ̀ dúró lé ni mò ń wò láti orí àga.

Àwọn tí mo kọ́kọ́ fi hàn ní kí n lẹ páànù mọ́ ọn, kí n fi ọ̀dà dúdú bò ó, kí n máa gbé e lọ. Bí wọ́n ṣe ń pa ìjàpá nìyẹn. Ìpẹtà tí a fi ọ̀dà bò kò kú. Omi tó bá rá wọ abẹ́ ọ̀dà náà kò ní rí ọ̀nà jáde, yóò sì máa jẹ irin lọ níbi tí ojú kò tó. Owó yòówù kí ẹ ní lọ́wọ́, abẹ́ ni kó kọ́kọ́ lọ. Ọ̀dà ara lè dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ohun tí ẹ fẹ́ tún ṣe gan-an

Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọjọ́, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ìdí nìyẹn tí ìjàpá fi ṣì wà ní àgbàlá púpọ̀ nílẹ̀ wa. Ṣásí rẹ̀, ìyẹn egungun irin abẹ́ tí gbogbo ara ọkọ̀ jókòó lé, kò dà bíi ti lọ́rì. Lọ́rì ní irin gígùn méjì pẹ̀lú irin ìdábùú láàárín wọn, bí àkàsọ̀. Ti ìjàpá, eegun ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni: irin oníhò tó gba àárín ọkọ̀ kọjá, èyí tí ọ̀pá gíà nà sókè lórí rẹ̀. Ọ̀tún àti òsì eegun yìí ni wọ́n jó páànù ilẹ̀ méjì mọ́. Níwájú, eegun náà parí sí ibi tí a ń pè ní orí ṣásí, tí wọ́n fi bóòtù mẹ́rin de bíìmù iwájú (irin ìdábùú tí ẹsẹ̀ táyà iwájú so mọ́) mọ́. Lẹ́yìn, ó pín sí méjì bí igi kànnàkànnà, àárín ẹ̀ka méjì náà ni gíà jókòó sí, tí ẹ́ńjìnnì so mọ́ gíà. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn jẹ́ 2400 mìlímítà.

Inú eegun àárín yẹn kò ṣófo. Páìpù bẹntiróòlù gba ibẹ̀, wáyà klọ́ọ̀ṣì, wáyà bíréèkì ọwọ́, wáyà ibi tí a ń fẹsẹ̀ tẹná, àti ọ̀pá tó ń yí gíà. Ẹni tó bá gé e láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò ra wàhálà.

Gbogbo ara ọkọ̀, láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ibi ẹ́ńjìnnì, bóòtù ni wọ́n fi dè é mọ́ ṣásí. Ó ṣeé ṣí kúrò bí ẹni ṣí igbá ẹ̀yìn ìjàpá gan-an. Nínú àlọ́, igbá ẹ̀yìn yẹn ló fọ́ tí wọ́n tò padà, tó fi rí gbágungbàgun títí dòní. Ti ọkọ̀ yìí, abẹ́ ni ìfọ́ ń gbà wọlé.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ yọ àga iwájú, àga ẹ̀yìn, kápẹ́ẹ̀tì àti gbogbo rọ́bà ilẹ̀. Ẹ mú súkúrúdíráfà tó ti gbó àti òòlù kékeré. Irin tó yè máa ń dún kín-ín bí agogo tí ẹ bá lù ú. Irin tí ìpẹtà ti jẹ máa ń dún bí páálí. Níbi tó bá ti dún bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹnu súkúrúdíráfà tì í. Bó bá wọlé, ẹ fi ẹfun yí i ká.

Abẹ́ bátìrì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bátìrì ìjàpá wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, ásíìdì rẹ̀ sì ti ń kán sórí páànù láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Mo ti yẹ ìjàpá mẹ́fà wò báyìí, kò sí èyí tí ibẹ̀ kò lù nínú wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi ẹsẹ̀ níwájú, ọ̀tún àti òsì, nítorí omi òjò tó bá gba rọ́bà gíláàsì wọlé ibẹ̀ ló ń dúró sí. Ẹ wo etí páànù yíká níbi tí bóòtù ara ti wọlé. Ẹ wo ibi tí a ń gbé jáàkì sí.

Orí ṣásí ló ṣòro jù láti yẹ̀ wò, òun náà ló sì léwu jù, torí òun ló di bíìmù àti sítíárìn mú. Páànù méjì tó dojú kọra ni, omi àti ẹrọ̀fọ̀ sì máa ń há sí àárín wọn. Ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kí ẹ fi òòlù lu ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Bí ìsàlẹ̀ nìkan ló jẹ, ó ṣeé pààrọ̀. Bí òkè, níbi tí bóòtù bíìmù wà, bá ti rà, iṣẹ́ ojú lásán kọ́ nìyẹn mọ́: ó fẹ́ férémù ìwọ̀n tí wọ́n fi ń di ṣásí mú kó má yẹ̀. Tí kò bá sí ẹni tó ní irú rẹ̀ nítòsí yín, ẹ má ṣe dán an wò.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà ṣásí. Ó wà lórí eegun àárín lábẹ́ àga ẹ̀yìn, inú irin fúnra rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi wé ìwé ọkọ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ gé ibẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ lo ẹ̀rọ fáìlìn (ẹ̀rọ tó ń yí láti gé irin tàbí láti lọ̀ ọ́) níbẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ da ọ̀dà tó nípọn bò ó. Ọlọ́pàá tàbí VIO tí kò bá rí nọ́ńbà náà kà kò ní gbà pé ọkọ̀ bàbá yín ni.

Ẹ de ara ọkọ̀ kí ẹ tó ṣí i

Níbí ni mo ti ṣe àṣìṣe tó gba oṣù méjì lọ́wọ́ mi, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Lábẹ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, irin oníhò gígùn kan wà lára igbá ọkọ̀ tí atẹ́gùn gbígbóná láti ẹ́ńjìnnì ń gbà lọ síwájú. Òun ló so iwájú ara ọkọ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí ara bá ṣì wà lórí ṣásí, ṣásí ń bá a ru ẹrù. Tí ẹ bá gbé ara kúrò nígbà tí irin abẹ́ ilẹ̀kùn yìí ti jẹ, igbá náà yóò wó sínú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ariwo kankan. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. A gbé e sílẹ̀ lórí táyà àtijọ́ mẹ́rin, inú wa dùn, nígbà tí mo sì fẹ́ ti ilẹ̀kùn ọ̀tún ní ọjọ́ kejì, kò wọlé mọ́. Ó fi ìbú ìka kan yàtọ̀.

Nítorí náà, kí bóòtù kankan tó kúrò, ẹ ti ilẹ̀kùn méjèèjì, kí ẹ wọn àlàfo tó yí wọn ká pẹ̀lú téèpù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá yọ ilẹ̀kùn. Ẹ mú páìpù onígun mẹ́rin tó lágbára, kí ẹ fi bóòtù de ọ̀kan láti ibi ìdè ilẹ̀kùn lókè dé ìsàlẹ̀ òpó ẹ̀yìn, òmíràn láti òpó iwájú dé òpó ẹ̀yìn lọ gbọọrọ, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ fi ẹ̀kẹta dábùú inú ọkọ̀ láti òpó kan sí èkejì. Bí irin abẹ́ ilẹ̀kùn bá ti jẹ púpọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ara ṣì wà lórí ṣásí, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó ronú àtigbé ara sókè rárá.

Títú àti gbígbé

Ẹ yọ bátìrì. Ẹ fa gbogbo bẹntiróòlù jáde, kí ẹ yọ táǹkì tó wà níwájú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gbé e jìnnà sí ibi iṣẹ́. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ la páìpù bẹntiróòlù inú eegun àárín kọjá títí kò fi ní rùn mọ́, kí ẹ sì dí ẹnu rẹ̀. Ẹ yọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ìjàpá kò lo omi, kò sí rédíétọ̀, bóòtù mẹ́rin péré ló so ó mọ́ gíà, ẹni méjì pẹ̀lú jáàkì lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí wọn kì í sọ fún ọmọ iṣẹ́: ìkarahun ẹ́ńjìnnì àti ti gíà ìjàpá, irin mágínísíọ̀mù ni. Bó bá gbiná, ó ń jó funfun, omi tí ẹ bá dà sí i yóò mú un burú sí i ni. Iyanrìn gbígbẹ ni kó wà nítòsí, garawa méjì ó kéré tán, ẹ má sì jẹ́ kí iná tó ń ta láti ẹnu ẹ̀rọ fáìlìn bà lé gíà lára.

Ẹ tú ibi tí ọ̀pá sítíárìn ti so mọ́ àpótí rẹ̀. Ẹ tú páìpù tó ń gbé ọ́ìlì bíréèkì láti inú ike rẹ̀ lọ sí másítà (ibi tí ẹsẹ̀ ti ń ti ọ́ìlì lọ sí bíréèkì), wáyà ìwọ̀n eré tó ti inú táyà òsì iwájú wá, gbogbo wáyà iná tó lọ sí ẹ̀yìn, àti ọ̀nà atẹ́gùn gbígbóná lẹ́yìn. Ẹ so àmì mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. Ìwé lílẹ̀ lásán kò tó, ọ́ìlì yóò ṣí i. Okùn aláwọ̀ oríṣiríṣi ló dára jù.

Bóòtù ara lé ní ogún. Èyí tó pọ̀ jù wà ní etí páànù láti abẹ́, sípánà 13 ló ń tú wọn. Àwọn ńlá tí sípánà 17 ń tú wà lórí bíìmù iwájú, níbi tí ẹ ti yọ táǹkì, àti lábẹ́ àga ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì; méjì tún wà nínú ihò táyà ẹ̀yìn, lókè ibi tí ọ̀pá amúgbọ̀nrìrì so mọ́. Kí ẹ fi ọ́ìlì tó ń rin ìpẹtà sí gbogbo wọn fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tó bá ṣì lẹ̀, ẹ fi iná gbóná sí i. Tó bá já, ó já. Bóòtù tuntun ni ẹ máa lò.

Ẹni mẹ́fà tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn tó láti gbé igbá náà. Ẹnì kan ni kó máa pàṣẹ. Ẹ gbé e sókè bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ ná, kí ẹ dúró, kí ẹ wo abẹ́ yíká bóyá ohun kan ṣì so mọ́ ọn. Ọ̀kan máa ń ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e lọ sórí pákó tó tẹ́jú.

Bí ẹ bá fẹ́ tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ ṣọ́ra fún tọ́ṣọ̀n báà. Ọ̀pá irin yìí ni ìjàpá ń lò dípò sípíríǹgì, ó sì wà ní yíyí pọ̀ nígbà gbogbo. Irin pẹlẹbẹ tó di í mú lè ta jáde kó ṣẹ́ apá ènìyàn. Ẹ fi ṣéènì dè é, kí jáàkì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Tí kò bá pọn dandan, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Wíwọ̀n, kí gígé tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ gbé ṣásí lé orí irin mẹ́rin tó dọ́gba, kí ẹ fi ìwọ̀n omi tí bíríkìlà ń lò yẹ̀ ẹ́ wò láti iwájú dé ẹ̀yìn àti láti ọ̀tún sí òsì. Ẹ wọn láti ihò bóòtù ara tó gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún lọ sí èyí tó ṣáájú lápá òsì, kí ẹ wá wọn òdìkejì. Kí ìyàtọ̀ wọn má ju mìlímítà mẹ́ta lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà ti gbá nǹkan rí, ẹni tó ń tọ́ férémù ni kó kọ́kọ́ rí i.

Gígé àti fífọ̀

Ẹ pààrọ̀ páànù kan tán kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì. Tí ẹ bá gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, eegun àárín nìkan ni yóò kù, kò sì ní ohun tí yóò mú un dúró ṣinṣin.

Ẹ máa rí ẹ̀kán jíjó kéékèèké níbi tí páànù ti lẹ̀ mọ́ ètè eegun àárín. Ẹ fi dírílì lu ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan títí dé orí páànù nìkan, kí ẹ má lu ètè eegun. Ẹ fi ṣísẹ̀lì tó mú là wọ́n. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò. Ìdajì ọjọ́ ni mo fi ṣe apá kan. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ fáìlìn ṣá a gbòòrò yóò gé ètè náà mọ́ ọn, ètè yẹn ni páànù tuntun sì máa jókòó lé.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ètè náà títí yóò fi funfun. Níbi tí ìpẹtà bá ti gbẹ́ ihò kéékèèké sínú irin, ẹ fi ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì pa á, kí ẹ fọ̀ ọ́ dànù, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ kíá. Mo fẹ́ràn kí a ṣe apá yìí nígbà ọyẹ́. Nígbà òjò, irin tí ẹ fọ̀ ní àárọ̀ yóò ti pọ́n kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Jíjó

Páànù ilẹ̀ tuntun wà lọ́jà, wọ́n ń kó o wá láti òkè òkun. Ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pe ìjàpá ní Fusca, wọ́n ṣì ń ṣe ọkọ̀ náà títí di 1996, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀ títí di òní. Bí agbára kò bá ká a, panẹ́bítà tó mọ iṣẹ́ lè lu u láti ara páànù tó nípọn tó 1.2 mìlímítà. Ẹ má gba èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ ju mìlímítà 1 lọ, ẹ má sì gba páànù òrùlé: síńkì tó wà lára rẹ̀ máa ń sọ èéfín olóró nígbà tí a bá ń jó o. Kí ó tẹ àwọn ìlà gbọọrọ inú páànù àtijọ́ náà sí i. Àwọn ìlà yẹn ló ń fún un lágbára, páànù pẹrẹsẹ lásán yóò máa dún gbàgbà lójú ọ̀nà.

Ẹ gbé páànù sí àyè rẹ̀, kí ẹ fi ìdìmú yíká. Kí ẹ tó jó ohunkóhun, ẹ gbé àga awakọ̀ sórí irin tó ń gbà rìn, kí ẹ tì í síwá sẹ́yìn. Ẹ tún gbé igbá ọkọ̀ padà sórí ṣásí, kí ẹ wo bóyá ihò bóòtù bá ara wọn mu. Àárẹ̀ ni láti pe ẹni mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ihò tó bá yẹ̀ lẹ́yìn jíjó kò ṣeé bẹ̀.

Jórinjórin tó ń lo gáàsì àti kábáàdì lè jó o tí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró, ṣùgbọ́n ooru gáàsì pọ̀, páànù yóò fẹ́ wọ́. Ẹ̀rọ tó ń lo wáyà àti gáàsì CO2 ló dára jù, pẹ̀lú wáyà 0.8 mìlímítà tàbí 0.6. Ẹ lu ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 7 sí etí páànù tuntun, kí àlàfo wọn jẹ́ bíi 30 mìlímítà, kí ẹ wá jó ihò kọ̀ọ̀kan kún, kí iná wọ inú ètè ìsàlẹ̀. Ẹ má tẹ̀lé ihò lọ́kọ̀ọ̀kan. Jó ọ̀kan níwájú, jó ọ̀kan lẹ́yìn, bọ́ sí àárín, kí o dúró kí irin tutù débi tí ọwọ́ lè gbé lé e. Jó ọ̀kan sí àjẹkù páànù ná, kí o fi ṣísẹ̀lì là á. Bí páànù bá ya kí jíjó tó ṣí, ó dára. Bí jíjó bá ṣí jáde mọ́lẹ̀mọ́lẹ̀, iná kò tó.

Ẹ so ìdìmú ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó ń dá iná padà sínú ẹ̀rọ) sí ara páànù gan-an nítòsí ibi tí ẹ ń jó, kí iná má gba inú bẹ́árìn táyà kọjá. Lẹ́yìn páànù kọ̀ọ̀kan, ẹ tún wọn ṣásí láti igun dé igun ní ọ̀nà méjèèjì, bí ẹ ti ṣe kí gígé tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dà

Ẹ fi tínà nu gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ mímọ́, kí ẹ má tún fọwọ́ lásán kàn án. Práímà epọ́sì ni kó kọ́kọ́ lọ, ẹ̀ẹ̀mejì, ní àárín wákàtí tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀. Orí práímà, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀, ni ẹ ó fi oje ìdíhò sí gbogbo ojú jíjó, lókè àti nísàlẹ̀. Nígbà tó bá gbẹ, ọ̀dà dúdú ti ṣásí, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ bo nọ́ńbà ṣásí pẹ̀lú téèpù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá fi ìpele kan tó fẹ́ẹ́rẹ́ sí i níkẹyìn.

Inú eegun àárín kò gba ọ̀dà. Ìda olómi tí wọ́n ń fọ́n sínú ihò ni ẹ ó fọ́n sí i láti ẹnu ọ̀nà tó wà níwájú àti lábẹ́ ọ̀pá gíà. Ẹ ki wáyà gbogbo sínú páìpù wọn kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ìda má baà dí wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù pa abẹ́ ọkọ̀. Ó ń lé omi fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ rọ́bà bíréèkì àti ti ẹsẹ̀, erùpẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò fi sí tèmi.

Dída igbá padà

Nígbà tí ara kò tíì sí lórí ni kí ẹ ti pààrọ̀ páìpù bíréèkì irin, rọ́bà bíréèkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, páìpù bẹntiróòlù tó bá ti jẹ, àti wáyà klọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ wákàtí kan ni báyìí; tí ara bá ti padà, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni.

Ẹ tẹ́ rọ́bà tuntun sí etí ṣásí yíká, ẹ fi gírísì díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ kó má yẹ̀. Ẹ sọ igbá kalẹ̀ láìkánjú. Ẹ fi ọwọ́ lásán yí gbogbo bóòtù wọlé, pẹ̀lú wáṣà onígun tó nípọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí sípánà tó kan ọ̀kankan. Láti àárín ni kí ẹ ti máa fún wọn lọ sí ìpẹ̀kun. Ẹ wá so ilẹ̀kùn, kí ẹ fi àlàfo rẹ̀ wé èyí tí ẹ kọ sílẹ̀. Ìgbà tó bá bá a mu ni kí ẹ yọ irin tí ẹ fi de ara.

Ẹ má gbàgbé wáyà ẹ́ẹ̀tì tó so gíà mọ́ ara ọkọ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, sítátà yóò máa fà lọ́ra, ẹ ó sì máa fi ẹ̀sùn kan bátìrì. Ẹ fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì láti táyà ọ̀tún ẹ̀yìn, òsì ẹ̀yìn, ọ̀tún iwájú, kí ẹ parí sí òsì iwájú.

Lẹ́yìn 500 kìlómítà, ẹ padà sábẹ́, kí ẹ tún fún gbogbo bóòtù, nítorí rọ́bà tuntun ti fún pọ̀. Nígbà òjò àkọ́kọ́, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí òjò bá dá, kí ẹ fi ọwọ́ pa ilẹ̀ ibi ẹsẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Tèmi rin díẹ̀ lápá ọ̀tún. Rọ́bà gíláàsì iwájú ni, mo sì pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an.